Earpiece ṣáájú, ẹ̀rọ orin tẹ̀lé e: bí a ṣe ń yan ohun tí orin fi ń dún ketekete

Ẹ fi orin àpàlà àtijọ́ kan sí i. Agídìgbo ló gbé ìsàlẹ̀ orin náà ró, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń fọ́n ká lókè, àwọn ìlù ń sọ̀rọ̀ láàárín, ohùn olórin sì jókòó sórí gbogbo wọn. Nínú earpiece tí kò dára, agídìgbo á di "gbùù, gbùù" lásán, ẹ ò ní mọ ìgbà tí ìka kúrò lórí irin kan bọ́ sórí òmíràn. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á máa gún yín létí bí ẹni ń ya bébà. Nínú èyí tó dára, ẹ ó gbọ́ bí ìka ṣe tẹ irin, ẹ ó gbọ́ ìlẹ̀kẹ̀ tó ń lu ara igbá, ẹ ó tún gbọ́ bí olórin ṣe mí sínú kó tó gbé ìlà tó kàn. Fáìlì kan náà ni, fóònù kan náà ni. Sípíkà kékeré tó wà létí yín ló yàtọ̀, òun àti bó ṣe jókòó síbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kó owó lé ẹ̀rọ tó ń lu orin, tí wọ́n á wá fi earpiece tó bá a wá nínú páálí gbọ́ ọ. Òdìkejì ló yẹ. Earpiece méjì lè fi ju 10 dB lọ yàtọ̀ síra níbì kan nínú orin (dB ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe pọ̀ tó), èyí tí etí ẹnikẹ́ni á mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Fóònù méjì tó dára díẹ̀ kì í sábà yàtọ̀ tó 1 dB. Nítorí náà, bí owó yín bá jẹ́ náírà mẹ́wàá, ẹ fi méje ra ohun tó ń wọ etí, ẹ fi ìyókù wá orin tó mọ́ àti ibi tí ẹ ó kó o sí.

Ohun tó wà lára páálí

Ẹ ó rí "20Hz–20,000Hz" lára páálí earpiece tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn, ti olówó ńlá àti ti ẹ̀gbẹ́ títì. Hz ń ka iye ìgbà tí ohùn gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láti 20 dé 20,000 ni etí ọ̀dọ́ tí nǹkan kan ò ṣe ń gbọ́. Bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ sókè ni ti òkè ń dín kù. Àmọ́ nọ́ńbà yẹn kò sọ bí ohùn tó ń jáde ní ibì kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó. Earpiece lè mú 20Hz jáde kó tín-ín-rín débi pé ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ọ, síbẹ̀ kí wọ́n kọ ọ́ sára páálí. Bí kò bá sí "±3 dB" tàbí irú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà, tó ń sọ bí ohùn ṣe lè lọ sókè-sódò tó, ọ̀ṣọ́ ni.

"Extra Bass" túmọ̀ sí pé wọ́n ti gbé ìsàlẹ̀ sókè látilé iṣẹ́. Bí wọ́n bá gbé e jù, ó máa ń bo ohùn olórin mọ́lẹ̀, pàápàá nínú fújì tí ìlù pọ̀ sí. Àmì "Hi-Res Audio" ti ẹgbẹ́ Japan Audio Society ní tiẹ̀ ń béèrè pé kí headphone lè dé 40,000Hz. Ìlọ́po méjì ohun tí etí èèyàn lè gbọ́ nìyẹn. Àdán á gbádùn rẹ̀. Iye sípíkà tó wà nínú ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan náà kò sọ nǹkan kan fúnra rẹ̀: sípíkà kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe dáadáa máa ń lu mẹ́fà tí wọ́n kàn kó jọ.

Ohun tó wúlò jù kì í sí lára páálí rárá. Àwòrán ìlà kan ni, tó ń fi hàn bí ohùn earpiece náà ṣe pọ̀ tó láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Àwọn tó ní ẹ̀rọ ìwọnhùn máa ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kọ orúkọ earpiece náà, kí ẹ fi "frequency response" tì í, ẹ ó rí i. Láti 20 dé nǹkan bí 250Hz ni béèsì wà: ìyá ìlù, gìtá béèsì, agídìgbo. Láti 250 dé 4,000 ni ohùn èèyàn àti ọ̀pọ̀ ohun èlò ń gbé. Ohun tó kọjá ibẹ̀ ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo, àti "s" ẹnu olórin. Ìlà tó dára máa ń gun òkè kékeré kan nítòsí 3,000Hz. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín: ihò etí wa fúnra rẹ̀ ló ń gbé ohùn ibẹ̀ sókè, earpiece tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ níbẹ̀ á dún bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù ni ṣóńṣó tó yọ gannu-gannu láàárín 6,000 sí 9,000Hz. Òun ló ń sọ "s" di abẹ́rẹ́.

Láti nǹkan bí 2012 ni Sean Olive àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Harman ti ń ṣe ìwádìí tí àwọn olùgbọ́ kì í ti í mọ orúkọ headphone tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́. Ohùn tó jọ ti sípíkà tó dára nínú yàrá tó dára, tí béèsì rẹ̀ gbé sókè díẹ̀, ni ọ̀pọ̀ jù lọ yàn. Ìlà tí wọ́n fà látinú rẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ púpọ̀ ń tẹ̀ lé báyìí, òun ló sì fà á tí earpiece $20 bíi Moondrop Chu tàbí 7Hz Salnotes Zero fi ń dún dáadáa ju ọ̀pọ̀ èyí tó wọ́n jù ú lọ ní ìlọ́po márùn-ún. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2017 wọn headphone 283, kò sì rí ìbátan kankan láàárín iye owó àti bí ìlà yẹn ṣe rí. Ohun tí owó ńlá sábà máa ń rà ni ara tó le, wáyà tó ṣeé yọ, àti orúkọ.

Èwo nínú irú wọn?

Ibi tí ẹ ti ń gbọ́ orin ló máa dáhùn. Nínú dánfó, tàbí nílé tí jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn fèrèsé, earpiece tó wọnú ihò etí tó sì dí i ni. Ariwo ìta á rọlẹ̀, ẹ ò ní láti gbé ohùn orin sókè kó tó borí rẹ̀. Headphone tó bo etí tí ẹ̀yìn rẹ̀ dí náà ṣe é lò níta, àmọ́ ooru wa kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀: òógùn á wọ inú awọ àtọwọ́dá etí rẹ̀, lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì á máa hó bí àwọ̀ ejò. Kí ẹ tó ra èyíkéyìí, ẹ rí i dájú pé wọ́n ń ta tìmùtìmù etí rẹ̀ lọ́tọ̀.

Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, bíi Sennheiser HD 600, ló máa ń jẹ́ kí orin gbòòrò bíi pé ó ń ti inú yàrá wá. Ilé tó dákẹ́ ló wà fún. Ẹni tó jókòó tì yín á gbọ́ gbogbo orin yín, ẹ̀yin náà á sì gbọ́ gbogbo ariwo rẹ̀.

Èyí tó ń fi ẹ̀rọ pa ariwo, tí wọ́n ń pè ní ANC, dára fún ariwo ìsàlẹ̀ tí kì í yí padà: ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú, jẹnẹrétọ̀, fáànù. Kì í fi bẹ́ẹ̀ pa ohùn èèyàn. Ẹni tó bá rà á nítorí aládùúgbò tó ń pariwo á kábàámọ̀.

Dídí etí: ibi tí ọ̀pọ̀ earpiece tó dára ti ń kú

Nígbà tí ẹnì kan bá ní "kò ní béèsì rárá," ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí a béèrè ni rọ́bà tó wà lẹ́nu rẹ̀. Earpiece tó ń wọnú etí ń ti afẹ́fẹ́ kékeré inú ihò náà síwá-sẹ́yìn. Bí àyè kan bá ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́bà, afẹ́fẹ́ á yọ́ jáde níbẹ̀, béèsì á sì bá a lọ. Ohùn òkè kò ní lọ. Ohun tó máa kù ni orin tó gbẹ, tó ń dún bíi rédíò kékeré, ẹni náà á sì gbé ohùn sókè títí etí fi ń dùn ún.

Rọ́bà mẹ́ta ló sábà máa ń wà nínú páálí: S, M àti L. Èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni M, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í ṣí ọ̀rá tó kù. Ẹ gbìyànjú gbogbo wọn báyìí:

Bí ẹ bá ń fi ti ọ̀tún sí i, ẹ gbé ọwọ́ òsì kọjá ẹ̀yìn orí, ẹ fa òkè etí ọ̀tún sókè àti sẹ́yìn díẹ̀. Ihò etí á nà. Ẹ ti earpiece wọlé, ẹ yí i díẹ̀, kí ẹ tó jọ̀wọ́ etí. Ẹ wá sọ̀rọ̀. Bí ó bá ti dí, ohùn ara yín á máa dún nínú orí bí ẹni tó ki orí bọ ìkòkò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi orin tí béèsì rẹ̀ ń lọ láìdáwọ́ dúró sí i, kí ẹ fi ìka rọra tẹ earpiece wọlé. Bí béèsì bá pọ̀ sí i bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́, kò tíì dí. Ẹ bọ́ sí èyí tó tóbi jù ú lọ. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, ó ti jókòó. Ẹ ṣe etí kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, nítorí ihò méjèèjì kì í fìgbà gbogbo dọ́gba. Kò sí àbùkù nínú M lọ́tùn-ún àti L lósì.

Bí earpiece náà bá ń jábọ́ ní gbogbo ìgbà bí ẹ bá ń jẹun tàbí tí ẹ ń sọ̀rọ̀, ẹ ra rọ́bà fóòmù: ẹ máa fi ìka rún un kéré, ẹ tì í wọlé, ẹ mú un dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 20 kó lè wú kún ihò. Ó tún máa ń tu ohùn òkè tó bá ń gún lára. Kì í pẹ́ gbó, kì í sì í fẹ́ omi.

Ti headphone tó bo etí náà ní tiẹ̀. Ọwọ́ férémù jígí, irun dídì tó nípọn àti etí gèlè ni wọ́n sábà máa ń ṣílẹ̀kùn fún béèsì láti sá lọ. Ẹ gbé ọwọ́ jígí sókè díẹ̀ kó gba orí etí kọjá, ẹ ó gbọ́ ìyàtọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ohm, dB àti volt

Nọ́ńbà méjì ló ń sọ bóyá fóònù yín lè gbé headphone kan. Ohm ń sọ bó ṣe ń dènà iná tó. dB ń sọ bí yóò ṣe pariwo tó bí a bá fún un ní ìwọ̀n iná kan. Àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ni. Ẹni tó bá wo ohm nìkan ti wo ìdajì.

Ẹ jẹ́ ká mú Beyerdynamic DT 770 Pro, tí wọ́n ń tà ní 32, 80 àti 250 ohm. Wọ́n jọra lójú. Ká sọ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dé 96 dB bí a bá fún un ní milliwatt 1. Ẹ fẹ́ kí ibi tó bú jáde jù nínú orin, bíi ìgbà tí onílù bá gbá a lójijì, dé 106 dB. Gbogbo 10 dB tó lé ń fẹ́ agbára ìlọ́po 10, ìyẹn milliwatt 10. Láti fún 32 ohm ní milliwatt 10, volt 0.57 tó. Fún 250 ohm, ó di volt 1.58. Ọ̀pọ̀ ihò fóònù kì í fúnni ju volt 1 lọ, àwọn mìíràn ò ju ìdajì rẹ̀. Ẹni tó bá ki 250 ohm bọ inú irú fóònù bẹ́ẹ̀ á ti fọ́lúùmù dé ìpẹ̀kun, orin á ṣì máa dún bíi pé ó wà ní yàrá kejì. Kì í ṣe pé headphone náà bàjẹ́. Oúnjẹ kò tó o ni. Fún fóònù, 16 sí 40 ohm tó ní nǹkan bí 100 dB fún milliwatt 1 ni kẹ́ ẹ máa wá.

Ìdẹkùn kan wà níhìn-ín. Àwọn kan ń kọ dB/mW (fún milliwatt 1), àwọn kan ń kọ dB/V (fún volt 1), nọ́ńbà kejì sì máa ń tóbi jù. Headphone 32 ohm tí wọ́n kọ 100 dB/mW sí àti òmíràn 32 ohm tí wọ́n kọ 115 dB/V sí, bákan náà ni wọ́n ń pariwo. Ọlọ́jà tó ní "ti 115 lágbára jù" kò parọ́ dandan, àmọ́ kò mọ ohun tó ń kà.

Òdìkejì àìtó iná náà wà. Earpiece tó rọrùn gan-an láti gbé, bí a bá so ó mọ́ áńpù ńlá (ẹ̀rọ tó ń fún iná orin lágbára), á máa ṣe "ṣíìì" lábẹ́ orin, fọ́lúùmù á sì fò láti òfo dé ariwo bí a bá ti fọwọ́ kàn án díẹ̀. Àti pé ohm ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá mẹ́jọ ohm earpiece lọ: fún 16 ohm, ẹ̀rọ tí tiẹ̀ kò ju 2 lọ. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, earpiece tó ní sípíkà púpọ̀ nínú lè yí ohùn padà, nítorí ohm tirẹ̀ kì í dúró sójú kan láti béèsì dé òkè.

Wáyà, ihò àti Bluetooth

Láti ìgbà tí iPhone 7 ti yọ ihò 3.5mm kúrò ní 2016 ni ọ̀pọ̀ fóònù ti ń tẹ̀ lé e. Okùn kékeré tí a fi ń so earpiece mọ́ ihò ṣájà kì í ṣe okùn lásán: DAC, ẹ̀rọ tó ń sọ nọ́ńbà di ohùn, àti áńpù kékeré wà nínú rẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn. Àwọn USB-C kan jẹ́ wáyà òfìfo tó ń retí kí fóònù fúnra rẹ̀ sọ orin di ohùn, fóònù púpọ̀ kò sì ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá so ó, tí fóònù ń lu orin lọ láti sípíkà tirẹ̀ bí ẹni tí kò rí nǹkan kan, irú òfìfo yẹn lẹ rà. Ẹ béèrè èyí tó ní DAC nínú. Ti Apple, tó jẹ́ $9 ní Amẹ́ríkà, mọ́ gan-an ní ohùn, àmọ́ lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android ohùn rẹ̀ máa ń kéré sí bó ṣe ń dún lórí iPhone.

Àìsàn kan wà tó máa ń dààmú èèyàn: orin ń dún, gìtá ń dún, ìlù ń dún, ṣùgbọ́n olórin ti sá lọ. Ohùn rẹ̀ á jìnnà bí ẹni tó wà nínú kànga. Ẹ wo ẹnu wáyà náà. Bí ìlà dúdú mẹ́ta bá wà lára rẹ̀, irin mẹ́rin ló ní: òsì, ọ̀tún, ìpadàbọ̀ iná, àti ẹnu ìsọ̀rọ̀. Bí irin ìpadàbọ̀ yẹn kò bá kan ibi tó yẹ kó kàn, iná tó yẹ kó gba ibẹ̀ padà á gba inú etí kejì kọjá. Ohun tó dọ́gba ní ọ̀tún àti òsì á pa ara rẹ̀ rẹ́, ohun tó sì sábà máa ń dọ́gba ni ohùn olórin tí wọ́n fi sáàárín. Ìdí mẹ́ta ló ń fa èyí. Ìbòrí fóònù tó nípọn tí kò jẹ́ kí ẹnu wáyà wọlé tán: ẹ yọ ìbòrí náà. Eruku àti òwú àpò tó ti kún ìdí ihò: ẹ pa fóònù, ẹ fi igi ìtayín gbẹ́ ẹ jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀kẹta ni earpiece àtijọ́ tí wọ́n fi ẹnu ìsọ̀rọ̀ àti ìpadàbọ̀ rọ́pò ara wọn. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì tí a fi ń gba ìpè tí olórin padà dé, òun ni, ẹ nílò okùn tó ń pààrọ̀ wọn.

Bluetooth kò burú mọ́ bíi tàtijọ́. Fóònù àti earpiece gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè kan náà. SBC ni gbogbo wọn gbọ́. iPhone ń lo AAC, kò sì gbọ́ LDAC rárá, nítorí náà ẹni tó ní iPhone kò nílò láti sanwó lé LDAC. Android ti ní i láti Android 8: ó lè gbé dé 990 kbps (kbps ń sọ bí dátà orin tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣe pọ̀ tó), àmọ́ níbi tí èrò pọ̀ sí á máa já; ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sí 660 ní Developer options, á fara balẹ̀. Ohun tó ń ba Bluetooth jẹ́ jù ni ẹnu ìsọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ìpè bá wọlé tàbí tí ètò kan bá ṣí máíìkì earpiece náà, ó máa ń bọ́ sí ìlà ìpè, orin á sì pẹ́lẹ́ńjẹ́ lójijì bíi ti tẹlifóònù. Ẹ pa ètò náà, ohùn á padà.

Ọ̀rọ̀ bátìrì sì wà. Bátìrì inú earpiece aláìníwáyà kéré bí ẹ̀wà, kì í sì í ṣeé pààrọ̀ ní ọ̀pọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ohùn rẹ̀ ṣì dára, àmọ́ kò lè dé ìparí ìwàásù kan mọ́. Èyí tó ní wáyà kò nílò iná NEPA.

Fáìlì

Earpiece tó dára máa ń tú àṣírí fáìlì tí kò dára. CD ń gbé 1,411 kbps. FLAC ń pa gbogbo rẹ̀ mọ́ ní nǹkan bí ìdajì sí ìdá méjì nínú mẹ́ta àyè rẹ̀, láìsọ ohunkóhun nù. MP3 ń sọ ohun tó rò pé etí kò ní gbọ́ nù: ní 320 kbps, ó ṣòro fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa láti mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí CD, ní 128, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti àtẹ́wọ́ á máa dún bí ohun tó wà lábẹ́ omi.

Fáìlì tí wọ́n gbà láti orí fídíò, tí wọ́n wá sọ di "320," kò gba ohun tó ti sọnù padà. Ó kàn tóbi ni. Ìwọ̀n rẹ̀ nìkan kò lè tú u. Fún fújì ìṣẹ́jú 30, 128 kbps jẹ́ nǹkan bí MB 29, 320 sì jẹ́ MB 72: bí wọ́n bá pè é ní 320 tó sì jẹ́ MB 29, irọ́ gbangba ni. Bí ó bá pé MB 72, ẹ gbé e sínú Spek, ètò ọ̀fẹ́ orí kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán ohùn. Bí àwòrán bá gé pìtì ní nǹkan bí 16,000Hz, inú 128 ló ti wá. Orin àtijọ́ tí wọ́n dà láti orí àwo tó ti gbó jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn: kò sí FLAC tó lè pa ariwo ìfín náà, earpiece tí òkè rẹ̀ pọ̀ á sì máa fi í han yín ní gbogbo ìgbà. Fún irú orin bẹ́ẹ̀, ohùn tó rọ̀ lókè ló sàn.

Ẹ̀rọ orin fúnra rẹ̀

Walkman dé ní 1979, iPod ní 2001, Apple sì fòpin sí iPod ní 2022. Fóònù ló gba iṣẹ́ wọn. Àǹfààní ẹ̀rọ orin lọ́tọ̀ lónìí kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti ohùn: bátìrì fóònù kò ní tán, ìpè kò ní dá orin dúró, bọ́tìnì wà tí a lè tẹ̀ láti inú àpò, áńpù rẹ̀ sì lè lágbára fún headphone tó le gbé. Bí ẹ bá ní fóònù àtijọ́ tó ní ihò 3.5mm, ẹ yọ SIM rẹ̀, ẹ fi sí airplane mode, ẹ fi foobar2000 tàbí VLC sí i. Ẹ̀rọ orin ni.

Bí ẹ bá fẹ́ ra tuntun, ẹ wo volt tó ń fúnni, ohm tirẹ̀, bóyá ihò káàdì memory wà, àti bóyá orin ń wọ inú ara wọn láìdá, nítorí àwo jùjú tí orin inú rẹ̀ so pọ̀ á máa já níbi tí kò yẹ. Ihò 4.4mm tí wọ́n ń pè ní balanced ń fúnni ní agbára púpọ̀ sí i, kì í ṣe ohùn tó mọ́ jù dandan. Ẹ má ṣe fi okùn kékeré sọ ihò 4.4mm di 3.5mm fún headphone lásán: wáyà ìpadàbọ̀ méjèèjì á kan ara wọn, áńpù sì lè jóná.

Káàdì ayédèrú pọ̀ jọjọ. Á kọ 512GB sójú kọ̀ǹpútà, àmọ́ 32 ló wà nínú. Orin á wọlé dáadáa, lẹ́yìn náà ìdajì wọn á máa já tàbí kí wọ́n ṣófo. Kí ẹ tó kó orin sí i, ẹ fi ètò H2testw lórí Windows, tàbí F3 lórí Linux àti Mac, kún un dé ẹnu kí ó sì kà á padà. Ó lè gba wákàtí púpọ̀. Ẹ̀rọ àtijọ́ kan tún wà tí kì í ka káàdì tó ju 32GB lọ, tàbí tó ń fẹ́ FAT32 dípò exFAT, ọ̀nà méjì tí káàdì fi ń to fáìlì. Ẹ wo ìwé rẹ̀ kí ẹ tó ra káàdì ńlá.

Ní ìsọ̀

Ẹ mú fóònù yín lọ, orin mẹ́ta tí ẹ mọ̀ bí ẹni mowó lórí rẹ̀, àti rọ́bà tó bá etí yín mu. Ẹ̀tàn tó ń gbéṣẹ́ jù ni ariwo: nínú earpiece méjì, èyí tó pariwo jù ni etí máa ń pè ní èyí tó dára, kódà bí ìyàtọ̀ náà bá kéré. Nítorí náà, ẹ máa tún fọ́lúùmù ṣe ní ìgbà kọ̀ọ̀kan kí ohùn olórin fi dọ́gba kí ẹ tó dájọ́. Ẹ gbọ́ ìyá ìlù: ṣé ẹ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń sọ, tàbí wúruwùru? Ẹ gbọ́ "s" ẹnu obìnrin. Ẹ fi orin tí béèsì rẹ̀ wúwo sí i, kí ẹ gbọ́ bóyá nǹkan ń gbọ̀n "rẹ̀rẹ̀" ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ yí wáyà lẹ́bàá ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń dún; bó bá já, ẹ dá a padà síbẹ̀.

Bí ohun tí ẹ rà bá kù díẹ̀ káàtó, EQ, ètò tó ń gbé béèsì tàbí òkè sókè-sódò, lè tún un ṣe. Wavelet lórí Android ní àtúnṣe tí wọ́n ti pèsè sílẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún headphone. Bí ẹ bá fọwọ́ ara yín gbé béèsì sókè ní 5 dB, ẹ sọ preamp, ìyẹn fọ́lúùmù gbogbo orin nínú EQ náà, kalẹ̀ ní 5 dB pẹ̀lú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ orin á máa ya níbi tó bá ti pariwo.

Ìwọ̀n tí àjọ WHO fi lélẹ̀ fún àgbàlagbà ni 80 dB fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Gbogbo 3 dB tó bá lé ń gé àkókò náà sí méjì, bẹ́ẹ̀ ni 90 dB ò fi ju bíi wákàtí 4 lọ́sẹ̀. Rọ́bà tó dí etí dáadáa wúlò níhìn-ín ju EQ lọ.

Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá sì rọlẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹ má tíì pè é ní bíbàjẹ́. Ẹ yọ rọ́bà, ẹ wo àwọ̀n kékeré tó wà lẹ́nu rẹ̀ sójú iná. Bí ìdọ̀tí etí bá ti dí i, ẹ dojú earpiece délẹ̀ kí ohun tó bá já má bàa wọlé, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rírọ̀ tó gbẹ gbá a. Ẹ má da ọtí tàbí omi sí i, á fa ìdọ̀tí náà wọ inú sípíkà. Rọ́bà nìkan ni kẹ́ ẹ fi ọṣẹ fọ̀, kó gbẹ tán kí ẹ tó dá a padà.